ÌTỌ́JÚ LÁTỌ̀NÀ JÍJÌN: TA NI Ó WÀ LẸ́YÌN NỌ́ŃBÀ TÍ A Ń PÈ?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa)

  

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń fa àríyànjiyàn láàárín wa, nínú ọkọ̀, ní ìdíkọ̀ àti nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìtọ́jú látọ̀nà jíjìn, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní dókítà orí fóònù. Àwọn kan ní jìbìtì lásán ni. Àwọn mìíràn ní ó ti dé, ó ti parí, pé a kò tún ní í lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Àwa rò pé ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà, àṣìṣe méjèèjì ló sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí irú ènìyàn tí a jẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà nílẹ̀ Ìbàdàn. Márùn-ún wà ní àárín ìlú, mẹ́fà sì yí i ká: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Ìdó àti Olúyọ̀lé. Ìlú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó, ọmọ, ìyá àti bàbá wa wà ní ẹ̀yìn Mọ́níyà, ní Ìkèrèkú, ní Lálúpọn, ní Ejíòkú, ní Erúnmu, ní Akànràn, ní Bádékù àti ní àwọn abúlé oko tí orúkọ wọn kò sí lára pátákó kankan. Nígbà tí àìsàn bá dé sí ilé bẹ́ẹ̀ lóru, ọ̀nà tó wà láàárín ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó lè wò ó sàn ni gbogbo ìjà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ju àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ UCH lọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ Ọ̀KAN NÍNÚ WA

Ní ìgbà òjò kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní abúlé kan lẹ́yìn Akànràn. Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ. Ìyá kò ní fóònù, ó lọ yá ti aládùúgbò. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rántí pé òun rí nọ́ńbà dókítà kan lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ìdíkọ̀, ó sì pè é.

Ẹni tó gbé fóònù náà kò béèrè ọjọ́ orí ọmọ. Kò béèrè bóyá ọmọ ń mu ọmú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àkántì òun. Nígbà tí owó wọlé, ó ka orúkọ oògùn mẹ́rin, ó sì pa fóònù. Ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹ́míìsì tó ṣí sílẹ̀ lóru. Kí ó tó rí ọ̀kan, giri ti mú ọmọ náà. Ọlọ́kadà kan tó jẹ́ ọmọlúàbí ni ó gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti rí ìtọ́jú. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ṣòfò.

Ohun tó dùn wá jù nìyí: ilé ìlera kan wà tí kò tó ogún ìṣẹ́jú ìrìn sí ilé wọn. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ní fóònù. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo agbo ilé náà tó mọ nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà àjèjì wà lára ògiri, nọ́ńbà ẹni tó wà nítòsí kò sí níbì kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní ń lọ.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Àwọn kan rò pé àná ni wọ́n dá irú ìtọ́jú yìí sílẹ̀. Rárá o. Ní ilẹ̀ Australia, níbi tí oko kan lè jìnnà sí èkejì ju Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ, wọ́n dá iṣẹ́ dókítà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú rìn sílẹ̀ ní 1928. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Alfred Traeger ṣe ẹ̀rọ rédíò kan tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà bí kẹ̀kẹ́ kí iná lè wọ inú rẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ á jókòó, á máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, á sì máa ṣàlàyé àìsàn ọmọ rẹ̀ fún dókítà tó wà ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó yá, wọ́n pín àpótí oògùn sí àwọn oko náà, wọ́n kọ nọ́ńbà sára oògùn kọ̀ọ̀kan. Dókítà á wí lórí rédíò pé, “Fún un ní ti nọ́ńbà báyìí.” Kò sí pé ìyá kan ń wá kẹ́míìsì kiri lóru. Oògùn ti wà nílé kí ìpè tó wáyé.

Ní 1935, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Róòmù, ní ilẹ̀ Ítálì, láti máa fi rédíò fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ní ìmọ̀ràn ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́. Marconi, ọ̀kan nínú àwọn tó mú rédíò dé ayé, ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni àwọn atukọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n wà lórí omi, dókítà wà lórí ilẹ̀, ohùn nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ní tiwa, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí a ń pè ní GSM bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká Nàìjíríà. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó ní tẹlifóònù nílé ní abúlé Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà kò pọ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ́kọ́ gbọ́ kí àwọn onímọ̀ ìlera máa wí pé, “Má tíì wá. Pè wá ná.” Láti ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta irú ìtọ́jú yìí ti pọ̀ sí i, tí ìwé ìpolówó wọn sì ń dé ọ̀dọ̀ wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍTÒSÍ WA

Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Abiyẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀. Wọ́n forúkọ àwọn aboyún sílẹ̀, wọ́n fún wọn ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa mójú tó wọn. Bí ara aboyún kò bá yá, ó mọ ẹni tí yóò pè. Ẹni náà mọ̀ ọ́n, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì lè wá bá a nílé. Ohun ìrìnnà wà. Ilé ìlera wà. Ní 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá le.

Kí ló mú wọn ṣe é báyìí? Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, ṣàlàyé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó sábà máa ń pa aboyún. Èkínní, kí a pẹ́ kí a tó pinnu láti wá ìtọ́jú. Èkejì, kí a pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, kí a dé ilé ìwòsàn tán kí wọ́n sì tún dá wa dúró. Àwọn tó ṣe ètò Abiyẹ fi ẹ̀kẹrin kún un: kí ilé ìlera kékeré pẹ́ kí ó tó fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ti ńlá. Ẹ wò ó dáadáa. Fóònù lè gé ti èkínní kúrú. Ó lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ẹ̀kẹrin. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè gbé aboyún kọjá odò, kò sì lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Mọ́tò ni yóò gbé e, ènìyàn ni yóò tọ́jú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gánà náà, ní agbègbè Amansie West, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan ní 2011. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní abúlé ló ń pe ibùdó tí àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà wà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó fọwọ́ kan aláìsàn ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ti wọn ara gbígbóná rẹ̀, ó ti wo ojú rẹ̀, ó sì mọ oògùn tó wà nínú àpótí òun. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú dókítà kò bá sí níbẹ̀, ó yẹ kí ojú ẹnì kan tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀.

OHUN TÍ FÓÒNÙ LÈ ṢE

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí kí ó máa wí pé a ní kí àwọn ènìyàn má pe dókítà. Ó wúlò púpọ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tí dókítà ti rí i lójúkojú, tó sì ń lo oògùn, lè máa fi fóònù jábọ̀ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹni tó bá ti ìdájí wakọ̀ di alẹ́ kò ráyè lọ tò sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìlera tó wà lọ́nà rẹ̀, tó sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó lè kà á fún dókítà rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tí ara rẹ̀ bu, tí ó sì ní fóònù tó ń ya àwòrán, lè fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́, lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láìsí pé àdúgbò ń wò ó. Ẹni tí wọ́n fún ní èsì àyẹ̀wò tí kò yé e lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fóònù lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo yìí: ṣé kí n lọ nísinsìnyí, tàbí kí n dúró di ọ̀la? Ìdáhùn yẹn nìkan lè gbani lọ́wọ́ òṣì àti ikú.

OHUN TÍ FÓÒNÙ KÒ LÈ ṢE

Fóònù kò lè tẹ ikùn wò. Kò lè gbọ́ bí àyà ṣe ń dún. Kò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ibà ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí ara bá ti gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Láti 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé ti wí pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Àyẹ̀wò náà kò le: a ó gún ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sí ike kékeré kan, èsì yóò sì jáde láàárín bí ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lórí fóònù tó sì ń ka oògùn ibà fún ọmọ yín láìsọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò, ẹ fura sí i.

Àwọn àmì kan wà tí a kì í torí wọn jókòó máa tẹ nọ́ńbà. Ẹ gbéra ná, kí ẹ máa pè lójú ọ̀nà:

Ọmọdé tí kò lè mu ọmú tàbí mu omi, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí giri mú, tàbí tó ń sùn tí a kò lè jí i.

Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tí giri mú, tàbí tí ọmọ inú rẹ̀ kò yí mọ́.

Àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kọṣẹ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló sì ṣe pàtàkì.

Ẹni tí àyà ń dùn tí òógùn tútù ń bò ó, ẹni tí kò lè mí dáadáa, ẹni tí ejò bù jẹ ní oko. Ti ejò, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà sinmi, kí ẹ gbé e lọ.

Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà, a kì í sì í sanwó rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí pé ẹ ti pè é kí ẹ wá jókòó sílé máa wo ọ̀nà bí mọ́tò bá wà nítòsí. Òfin ìlera ti 2014 sì ní pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń BÁ DÓKÍTÀ SỌ̀RỌ̀

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n sísọ náà ní ọ̀nà. Lójúkojú, dókítà lè rí ohun tí a kò sọ. Lórí fóònù, ohun tí a bá sọ nìkan ló ní lọ́wọ́.

Àṣìṣe wa tó pọ̀ jù ni pé orúkọ àìsàn ni a máa ń sọ dípò ohun tó ń ṣe wá. A ó ní, “Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ mí lẹ́nu.” Kí ni jẹ̀díjẹ̀dí? Lẹ́nu ẹlòmíràn, ìdí tó yọ ni. Lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ni. Ẹlòmíràn ní ẹ̀yìn ríro ni òun ń pè bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bákan náà ni ibà, bákan náà ni làkúrègbé. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí: ibo ló ń dùn yín, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́, kí ló ń mú un le sí i, kí ni ẹ ti lò. Ẹ dárúkọ àgbo tí ẹ mu pẹ̀lú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àgbo àti oògùn òyìnbó lè bá ara wọn jà nínú ikùn ènìyàn, dókítà kò sì lè mọ̀ bí a kò bá sọ.

Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já geere lẹ́nu yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí wọ́n bá sọ ohun tí ẹ ó ṣe tán, kí ẹ tún un sọ padà fún wọn: “Ẹ ní kí n lo èyí ní àárọ̀ àti alẹ́, fún ọjọ́ mélòó?” Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ohun tí wọ́n wí lè wà ní kíkọ.

MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N LÙ Ọ́ NÍ JÌBÌTÌ

Gbogbo dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba tí a ń pè ní MDCN. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ilé ìwòsàn tí ó wà, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Dókítà tòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹ béèrè iye owó kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ètò ìbánigbófò ìlera tí ẹ wà nínú rẹ̀ yóò san án. Kò sí dókítà tó nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà ńkọ́? Òfin ìlera 2014 àti òfin ààbò ìwífún ti 2023 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dáàbò bo ẹni tó gbé fóònù sí gbangba ní ìdíkọ̀, tó ń sọ ti ara rẹ̀ kí gbogbo èrò ọkọ̀ máa gbọ́. Ẹ wá ibi kọ́lọ́fín. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá iṣẹ́ ló sanwó fún irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè pé: ta ló ń rí àkọsílẹ̀ wa? Àìsàn òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí máníjà yóò fi pinnu ẹni tí yóò dá dúró.

Ohun méjì mìíràn tún kan iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ fún wa ní ìsinmi àìsàn tó tó ọjọ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Kí a má dúró di ìgbà tí ọ̀gá yóò máa bá wa jiyàn lórí ìwé tí dókítà orí fóònù fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa bá wọn fẹnu kò lórí rẹ̀ ṣáájú. Èkejì ni ìpalára lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn, kí ó má fi fóònù nìkan tọ́jú ara rẹ̀ nílé. Òfin 2010 ní kí a fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà sì fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó bá dákẹ́ lè pàdánù owó gbà-má-bínú rẹ̀.

FÓÒNÙ WÀ LÁPÒ ỌKỌ, ÀÌSÀN WÀ NÍLÉ

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ilé púpọ̀, fóònù kan ṣoṣo ló wà, bàbá ló sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Dókítà orí fóònù kò wúlò fún ilé tí kò sí fóònù. Fóònù kékeré tó ń pe ènìyàn lásán tó. Bí owó kò bá tó ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ilé mẹ́ta pawọ́ pọ̀ ra ọ̀kan tí kò ní kúrò lágbo ilé, kí wọ́n máa gba iná sí i, kí káàdì ìpè wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní àwọn abúlé kan, ìdí igi kan tàbí orí àpáta kan ni a ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí gbogbo ilé mọ ibẹ̀, títí kan ìyàwó tuntun àti ọmọ tó ti lè sáré.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ̀KA WA ṢE

Àkọ́kọ́, kí a gba nọ́ńbà. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé ìlera tó súnmọ́ abúlé rẹ̀ jù, kí ó kí wọn, kí ó béèrè nọ́ńbà tí a lè pè lóru, kí ó sì gbàṣẹ kí a lè tẹ̀ ẹ́ jáde. A ó kọ wọ́n sára bébà kan, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdíkọ̀, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Bébà tiwa ni kó wà níbi tí bébà oníjìbìtì wà tẹ́lẹ̀.

Èkejì, ẹ̀yin awakọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Gombe ní àríwá, àwọn awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ NURTW gbà láti máa gbé aboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di pàjáwìrì lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé e. Ẹ̀san tí wọ́n fún wọn kì í ṣe owó. Awakọ̀ tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá padà dé gáréèjì, iwájú ìlà ni wọ́n máa fi sí láti gbé èrò. Ẹ̀yin ará wa tó ń ná Iwo Road sí Lálúpọn, Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mọ́níyà, Amúlókò sí Akànràn, ṣé èyí kọjá agbára wa? Bí nọ́ọ̀sì bá pè láàárín òru, kí ó mọ awakọ̀ tí yóò dáhùn.

Ẹ̀kẹta, kí a béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ètò ìjọba ni pé kí ilé ìlera alábọ́dé kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ̀dù 351 ni ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fi iná, oògùn, òṣìṣẹ́ tó ń sùn síbẹ̀ àti fóònù tí kì í kú sínú wọn, kí òṣìṣẹ́ náà sì ní dókítà tí òun lè pè. Àwọn àgbẹ̀ Akànràn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ́ wa láti ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, pé ẹni tó ń san owó orí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

Kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù rọ́pò ilé ìlera. Ní ilẹ̀ Rùwáńdà, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Babyl bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú yìí ní 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì forúkọ sílẹ̀, títí kan àwọn tí fóònù wọn kò ju kékeré lọ. Ní 2023, iléeṣẹ́ òyìnbó tó ni ín ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì wó lulẹ̀, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ oníṣòwò nìkan lè lọ lọ́jọ́ tí èrè bá lọ. Ilé ìlera àdúgbò ni tiwa.

Ẹ̀yin ará, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn mọ́. Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹ tó jẹun alẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín nínú ilé: bí ọmọ yìí bá gbóná lóru òní, ta ni a ó pè? Ta ni yóò gbé wa? Ibo ni a ń lọ? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, fóònù yóò wúlò fún yín. Bí kò bá sí, ẹ wá bá aṣojú yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

 Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.